Ìgbẹ́ kọ́, èébì kọ́: kí la fẹ́ pe ohun tí òwìwí ń pọ̀ jáde?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àríyànjiyàn. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀fà ní ká máa pe ìdì dúdú tó máa ń wà lábẹ́ igi tí òwìwí ń sùn sí ní "ìgbẹ́ òwìwí". Àbúrò wa láti Òmù-Àrán ní rárá, "èébì òwìwí" ni. Èmi ò fara mọ́ ìkankan, àmọ́ àbúrò sún mọ́ ọn díẹ̀.

Ìgbẹ́ òwìwí wà lọ́tọ̀, ó funfun, ó sì máa ń ṣàn. Ẹnu ni eléyìí gbà jáde. Odidi ni òwìwí ń gbé eku mì. Ẹran á dà nínú ikùn rẹ̀, ṣùgbọ́n oje ikùn náà kò mú tó ti àwòdì, eegun ò ní dà. Iwe rẹ̀ á wá ki eegun àti irun mọ́ra, á ṣù wọ́n, tó bá di wákàtí mélòó kan á pọ̀ ọ́ jáde. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe é, ara rẹ̀ sì yá. "Èébì" á mú kéèyàn rò pé àìsàn ń ṣe ẹyẹ ẹlẹ́yẹ.

Ẹ rẹ ẹ́ sómi kẹ́ ẹ tú u wò: agbárí eku méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn ti asín náà, asín tí ológbò máa ń pa tì nítorí òórùn. Ẹ má wá òkété níbẹ̀ o, ó wúwo ju òwìwí olójú funfun fúnra rẹ̀ lọ.

"Ìṣù eegun" ni mo dábàá. Òótọ́ ni pé irun wà níbẹ̀, àmọ́ eegun ni àgbẹ̀ máa kọ́kọ́ rí, òun ló sì máa jẹ́ kó mọ iṣẹ́ tí ẹyẹ náà ń ṣe lóko rẹ̀. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i, kó má lọ di iṣu!) Ní Malaysia, wọ́n ń kan àpótí fún òwìwí nínú oko ọ̀pẹ kó lè bá wọn jẹ eku, ní Ísírẹ́lì náà, àgbẹ̀ ti ń ṣe é láti àwọn ọdún 1980. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìlọrin, ẹyẹ àjẹ́ la pè é, òkò la fi ń lé e, ká tó lọ ra oògùn eku. Eku tó sì jẹ oògùn tí kò tíì kú, òwìwí ló máa tètè gbé e, májèlé náà á wọ òun náà lára.

Ẹ̀yin Ìgbómìnà, ṣé ẹ ti ní orúkọ kan fún un látẹ̀yìnwá? Tó bá wà, mo fa tèmi sẹ́yìn.