Àbájáde: ìdí tí du fi ń gbé iye ìlọ́po méjì jáde

Ẹ ṣeun. Mo béèrè ìdí tí du, àṣẹ tó ń sọ ààyè tí fáìlì gbà lórí dísìkì, fi ń gbé iye ìlọ́po méjì jáde fún fódà kan náà lórí sáfà wa kan. Bí ẹ ṣe sọ, POSIXLY_CORRECT ni lóòótọ́, ìyẹn ètò àyíká (environment variable) kan lórí sáfà náà: bí ó bá ti wà níbẹ̀, du ti GNU (èyí tó wọ́pọ̀ lórí Linux) á máa ka báìtì 512 sí búlọ́ọ̀kù kan, bí POSIX, ìlànà àjùmọ̀lò fún àwọn ẹ̀rọ irú Unix, ṣe là á sílẹ̀, dípò 1024 tó máa ń lò. Yíyọ ọ́ kúrò tún sáfà náà ṣe, ṣùgbọ́n kò kan macOS, tí 512 jẹ́ tirẹ̀ láti ilẹ̀ wá. du -k, tó máa ń ka báìtì 1024 sí búlọ́ọ̀kù kan, ló bá gbogbo wọn mu, òun ni mo sì kọ sínú ìwé ìtọ́nisọ́nà wa. Ó ku --apparent-size, tó ń fi ìwọ̀n fáìlì fúnra rẹ̀ hàn dípò ààyè tó gbà lórí dísìkì, tí kò sì sí nínú POSIX rárá. Mo ṣì fi àmì sí i pé àfikún ti GNU ni.