Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Ṣé ẹ̀rọ pinball tuntun tí wọ́n ṣe bí ti àtijọ́ yìí tó ohun tí à ń san 20,000 dọ́là sí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Chicago:

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí èmi àti ìyàwó mi ti fà títí tí kò já, mo sì ní kí n gbé e wá síbí, nítorí a rí àwọn tó mọ ẹ̀rọ nínú wa, a sì rí àwọn tó mọ ìṣirò owó jù mí lọ.

Ní ọdún 1989 tí mo kọ́kọ́ dé Chicago, iṣẹ́ tí mo rí ni kí n máa gbálẹ̀ lóru ní ilé eré bowling kan. Ògbólógbòó ẹ̀rọ pinball kan wà ní igun ibẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí àwọn oníbàárà kò kà sí mọ́. Bí mo bá gbálẹ̀ tán, tó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ dé, n ó ju kọ́ìnì kan sí i. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ ẹ̀rọ náà, àpótí onígi gbọọrọ ni, tó dúró lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin, tí gíláàsì bo ojú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù irin kan ni yóò máa sáré nínú rẹ̀, tí yóò máa kọlu oríṣiríṣi nǹkan tó ń fún ènìyàn ní máàkì, bọ́tìnnì sì wà lọ́tùn-ún àti lósì tí a fi ń gbé flipper méjì sókè láti gbá bọ́ọ̀lù náà padà, kó má baà já sí ihò ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo ń wí yìí kò ní skíríìnì. Àgbá pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára ló ń yí lórí rẹ̀, kó, kó, kó, bí máàkì ṣe ń gorí ara wọn, agogo inú rẹ̀ a sì máa dún. Ní òtútù ọdún yẹn, tí n kò tíì mọ ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí, ìró yẹn ni mo fi ń sinmi.

Ní oṣù tó kọjá ni mo rí èyí tuntun ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ilé iṣẹ́ Stern Pinball, tí kò jìnnà sí wa níbí, ló ṣe é láti fi sàmì ọgọ́ta ọdún tí fíìmù James Bond àkọ́kọ́ jáde ní 1962. Wọ́n ṣe é bí ẹ̀rọ ayé ìgbà náà: pátákó eré rẹ̀ tẹ́jú láìní òkè kankan, àgbá nọ́ńbà sì ni wọ́n fi ń ka máàkì. Ọ̀ọ́dúnrún àti igba, ìyẹn 500 péré, ni wọ́n ṣe fún gbogbo ayé, iye tí wọ́n sì dá lé e ni 19,999 dọ́là. Èmi náà yóò pé ọgọ́ta ọdún láìpẹ́, nígbà tí ẹni tó ń tà á sì gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ẹ̀rọ ọgọ́ta ọdún kò yẹ ẹlòmíràn ju ẹni ọgọ́ta ọdún lọ. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Kì í ṣe pé n kò ní owó náà. Àwọn ọmọ ti parí ilé ẹ̀kọ́, mo kó èsúsú, n kò sì jẹ gbèsè. Ìyàwó mi ní owó òrùlé ilé ni mo fẹ́ fi ra ohun ìṣeré. Ṣọ́ọ̀bù náà ní kí n padà wá ní Sátidé kí n wá gbá a wò. Kí n tó lọ, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Maryland:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó tí ẹ kò tíì ná. Ìbéèrè méjì péré ni mo ní: ṣé òrùlé yẹn ti ń jò ni, àbí ó kàn ti gbó? Ibo ni ẹ sì fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà sí? Àbúrò ọkọ mi ní ọ̀kan, ó wúwo tó 250 pọ́n-ùn, ọkùnrin mẹ́ta ló gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, ọ̀kan nínú wọn kò sì lè tẹ̀ríba fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Wáyà, Indianapolis:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ń tún irú ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe láti bí ọdún méjìlá, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ohun kan fún yín kí ẹ tó mú owó jáde.

Ẹ̀rọ tí ẹ gbá ní 1989 kò ní kọ̀ǹpútà rárá. Mọ́tò kékeré kan, relay (ìyẹn switch tí iná fúnra rẹ̀ ń tì), kọ́ìlì àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún switch ló wà nínú rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá kọlu bọ́ńpà, ẹnu switch kan a pàdé, iná a wọ inú kọ́ìlì, kọ́ìlì a fa irin kan, irin náà a sì ti àgbá nọ́ńbà síwájú ní ìṣísẹ̀ kan. Ìró tí ẹ ń gbọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n fi kún un. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà gan-an ni ó ń dún. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni kọ̀ǹpútà gba ipò rẹ̀. Nínú èyí tuntun, kọ̀ǹpútà ló mọ máàkì yín, òun ló sì ń pàṣẹ fún àgbá pé kó yí. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n nítorí tiyín ni mo ṣe sọ ọ́, torí ìró yẹn ni ẹ ń wá.

Nípa owó: ẹ̀rọ James Bond mìíràn wà tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe, èyí tó rẹlẹ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 7,000 dọ́là nígbà tó jáde. Èyí olówó pọ́ọ́kú yẹn ní afárá tí bọ́ọ̀lù ń gùn, ó sì ní skíríìnì ńlá. Tiyín tó tẹ́jú kò ní afárá wọ̀nyẹn, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lówó. Nítorí náà, kì í ṣe igi àti wáyà ni ẹ ń san 13,000 dọ́là tó lé sí. Àkọ́kọ́, wọ́n ní láti pín owó iṣẹ́ àwọn tó ya àwòrán rẹ̀, tó kọ ètò rẹ̀, àti owó àṣẹ tí wọ́n san fún àwọn tó ni fíìmù, sórí ẹ̀rọ 500 péré. Ẹ̀rọ pinball The Addams Family tó jáde ní 1992, èyí tí wọ́n ṣe lé ní 20,000, ìdí sì nìyẹn tí iye rẹ̀ fi ṣeé gbọ́ sétí nígbà náà. Èkejì, nọ́ńbà 500 yẹn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń tà fún yín.

Bí ó bá jẹ́ pé ti 1989 ni ẹ fẹ́, ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1960 tàbí 1970. Láàárín 1,000 sí 2,500 dọ́là ni mo máa ń rí èyí tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. N kò ní tàn yín o, wàhálà wà nínú rẹ̀: gírísì inú rẹ̀ á ti gan bí ẹ̀kọ ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ ó máa họ ẹnu switch, ẹ ó sì pààrọ̀ gbogbo rọ́bà rẹ̀. Ẹ kò sì gbọdọ̀ fọ́n epo sí inú rẹ̀ láé. Oníbàárà mi kan fọ́n epo inú agolo sí relay rẹ̀ nítorí pé ó ń lẹ̀, ó sì tan iná sí i lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ó fi pè mí, ó ti gbé e síta, ó ń fi pákó fẹ́ èéfín.

Àgbà Òṣogbo, Houston:

Ọmọ mi, ẹni ọgọ́ta ọdún ń ra tẹ́tẹ́ sílé. Mo kí ọ.

Olùkọ́ Àná, Brooklyn:

Ẹ má bínú, Bàbá, àwọn ìjọba ìlú níbí náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Láti 1942 ni wọ́n ti fi òfin de pinball ní New York, nígbà tí La Guardia ń ṣe olórí ìlú, àwọn ọlọ́pàá sì ń fi òòlù fọ́ ọ. Ẹ̀rọ ìgbà náà kò ní flipper, ọdún 1947 ni èyí wọlé, nítorí náà bí ènìyàn bá ti ta bọ́ọ̀lù, orí ló kù. Ní 1976, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Roger Sharpe gbá a níwájú ìgbìmọ̀ ìlú, ó sọ ibi tí bọ́ọ̀lù yóò gbà kó tó ta á, bọ́ọ̀lù náà sì gba ibẹ̀. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà.

Àgbà Òṣogbo, Houston:

Ó dára. Mo gbà. Ṣùgbọ́n 20,000 ṣì jẹ́ 20,000.

Àbúrò Wọn, Atlanta:

Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbá ẹ̀rọ yẹn gan-an, mo sì fẹ́ gbè é lẹ́yìn díẹ̀, torí pé gbogbo ènìyàn ti dojú kọ ọ́. Keith Elwin ló ya á. Ọkùnrin yìí ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nínú pinball léraléra kó tó di ẹni tó ń ya ẹ̀rọ, òun náà ló sì ya Godzilla ti 2021. Ẹni tó mọ ibi tí ọwọ́ ti ń dun ẹni tó ń gbá pinball ló ya á, ó sì hàn. Bí ẹ bá kọ́kọ́ wò ó, ẹ ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá gbá a ní ìgbà ogún ni ẹ ó tó mọ̀ pé ẹ kò ì tíì wọ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ 1970 kò lè fún yín ní èyí. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ó ti mọ gbogbo àṣírí rẹ̀.

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí Stern yóò ṣe irú rẹ̀. Ní 2018, wọ́n ṣe ti the Beatles, 1,964 lápapọ̀, wọ́n sì gbé pátákó eré rẹ̀ ka ẹ̀rọ Seawitch ti 1980. Àwọn ènìyàn pariwo nípa owó ìyẹn náà.

Ohun kan péré ni n ó kìlọ̀: ó yára. Flipper rẹ̀ lágbára, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í sinmi. Bí ẹ bá ń retí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti òru 1989, ẹ kò ní bá a níbẹ̀.

Oníṣirò, Chicago:

Bọ̀dá, ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ owó orí. Bí ṣọ́ọ̀bù náà bá wà nínú ìlú Chicago, ó lé díẹ̀ ní mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó sọ 19,999 di 22,000 dọ́là ó lé díẹ̀ kí ẹ tó san owó ọkọ̀ tí yóò gbé e wálé. Ẹ wò ó lọ́nà mìíràn: bí ẹ bá ń lọ gbá a níta ní dọ́là kan fún eré kan, tí ẹ sì ń gbá márùn-ún lójoojúmọ́, 20,000 dọ́là yóò gbé yín fún nǹkan bí ọdún mọ́kànlá, ẹlòmíràn ni yóò sì máa pààrọ̀ rọ́bà. Ẹ má sì gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní owó rẹ̀ yóò máa gòkè. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á ni ẹ ó mọ̀ pé 500 kì í ṣe nǹkan kékeré bí ẹni tó fẹ́ ẹ kò bá pọ̀ tó 500.

Ìyá Ìbejì, Maryland:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú ìyàwó yín dání ní Sátidé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Chicago:

Ẹ ṣeun púpọ̀. A lọ, àwa méjèèjì. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ gbá a. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta rẹ̀ já láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ní ẹ̀rọ náà ń rẹ́ òun jẹ, ó tún gbá a, ó sì bọ́ bàtà. Kí n má parọ́, Àbúrò Wọn, òótọ́ lẹ sọ, eré náà dùn. Ó dùn ju ti 1989 lọ fíìfíì. Èmi ni kò bá mi mu. Mo dúró, mo tẹ́tí sí àgbá tó ń yí, mo sì ń ronú nípa kọ̀ǹpútà tí Wáyà sọ, n kò sì lè yọ ọ́ kúrò lọ́kàn mọ́. Wáyà, ẹ ti bà á jẹ́ fún mi, Ọlọ́run yóò dárí jì yín.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni ìyàwó mi ti rí ọ̀kan tó ti pẹ́, tí wọ́n kọ 1,600 dọ́là sí lára, agogo kan nínú mẹ́ta kò dún mọ́. Mo fi fóònù ya inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí Wáyà, ó ní ẹ̀rọ gidi ni. Mo ti san owó rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe òrùlé náà ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé, kí ẹ má baà rò pé wọ́n gbà fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́la ni mo fẹ́ fi ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kó o. Wáyà, ṣé ẹsẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń tú ni, àbí orí?

Wáyà, Indianapolis:

Orí ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ fọwọ́ dì í mú dáadáa kí ẹ tó tú bóòtù rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì ya àwòrán gbogbo ibi tí wáyà ti so pọ̀ kí ẹ tó fà á yọ. Ẹsẹ̀ ló kàn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kan èyíkéyìí, ẹ ṣí gíláàsì, ẹ yọ bọ́ọ̀lù irin náà, kí ẹ sì fi í sápò.