Iyọ̀ tí mi ò rí: ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ìbọn SKS mi

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àsìkò yìí. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo jẹ níyà, kí ẹlòmíràn tó ń lo irú ìbọn yìí, SKS, ìbọn àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún ológun Soviet, lè tètè mọ̀.

Ọta àtijọ́ ni mo ń yìn, èyí tí wọ́n ti tò pa mọ́ fún àwọn ológun tipẹ́tipẹ́. Ó ń lọ geere. Mo yìn tó 60 lọ́jọ́ yẹn, mo padà sílé, mo ti àkísà gba inú ọ̀pá ìbọn kọjá títí tó fi ń dán, mo fi òróró pa á, mo gbé e pa mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo ní kí n wò ó. Inú ọ̀pá ṣì ń dán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú ọ̀nà gáàsì, ibi tí èéfín ẹ̀tù ń gbà, písítìn, irin tí èéfín náà ń tì, kọ̀ kò jáde. Mo fà á títí. Nígbà tó máa fi yọ, orí rẹ̀ ti pọ́n bí osùn, ìdóògún ti jẹ ẹ́ wọnú, èékánná mi ń kọ́ nínú àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó dá sí i.

Ìdí ọta wọ̀nyẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ohun tó ń ṣáná níbẹ̀ ni wọ́n ti lo pọtásíọ̀mù kúlórétì. Bó bá ti jó tán, iyọ̀ ló máa ń fi sílẹ̀, iyọ̀ náà á sì máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Wọ́n fi kíróòmù bo inú ọ̀pá ìbọn tèmi, òun ni kò jẹ́ kí n fura. Písítìn kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Òróró tí mo sì gbẹ́kẹ̀ lé kì í yọ iyọ̀, omi ló ń yọ ọ́.

Láti ìgbà yẹn, ọjọ́ tí mo bá yìn ín náà ni mo ń fọ̀ ọ́, mi ò jẹ́ kó di ọ̀la. Màá kọ́kọ́ kó gbogbo ọta inú rẹ̀ kúrò, màá fa bólùtù, irin tó ń ti ọta wọlé, sẹ́yìn, màá fojú wo ilé ọta, ihò tí ọta ń jókòó sí kó tó yìn, màá tún fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà ni omi gbígbóná: màá dà á gba inú ọ̀pá láti ẹ̀yìn, màá fi fọ písítìn àti ọpọ́n rẹ̀, àti orí bólùtù. Màá nù ún gbẹ pátápátá kí n tó fi òróró fẹ́ẹ́rẹ́ kàn án. Bí mo bá tún fẹ́ lọ yìn ín, màá nu òróró ara písítìn kúrò, nítorí pé iná ẹ̀tù á sun ún di èédú síbẹ̀ ni.

* * *

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. SKS lèmi náà ń lò, ṣùgbọ́n gírísì ìpamọ́ ló fẹ́ kó bá mi. Mo nu ara ìbọn mọ́, mi ò tú bólùtù. Mi ò mọ̀ pé gírísì àtijọ́ ti dì yí abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta ká. Mo fa tírígà lẹ́ẹ̀kan, ọta mẹ́ta ló jáde! Abẹ́rẹ́ náà ti há síwájú, bí bólùtù ṣe ń padà ló ń gún ọta tuntun fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ ni mo kọ ẹnu ìbọn sí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò lára mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ bólùtù yín kí ẹ mì ín létí. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ máa dún kókó bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Bí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ má ki ọta sí i.

* * *

AR-15 ni tèmi. Ó tó oṣù mẹ́rin tí kòròfo, ìyẹn èèpo ọta tó ti yìn, fi ń há sílé ọta, tí ọta tuntun á wá kọlù ú lẹ́yìn. Ọta ni mo ń bá wí. Mo pààrọ̀ irú ọta lẹ́ẹ̀mẹta, pàbó. Ọjọ́ tí mo gbé e fún ẹni tó ń tún ìbọn ṣe, kò wo ọta rárá. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ìkọ́ kékeré tó ń fa kòròfo jáde, ó ní kí èmi náà tẹ̀ ẹ́. Ó rọ̀ bí eyín tó fẹ́ yọ. Sípíríǹgì abẹ́ rẹ̀ ti kú, rọ́bà kékeré inú sípíríǹgì náà ti fọ́. A pààrọ̀ méjèèjì, a sì fi búrọ́ọ̀ṣì ha ilé ọta dáadáa. Kòròfo kankan ò há mọ́.

Àwọn ológun Amẹ́ríkà rí irú èyí ní Vietnam lọ́wọ́ M16, ìbọn ológun tó jẹ́ ìbátan AR-15. Wọ́n ti yí ẹ̀tù padà, ilé ọta kò ní kíróòmù, ohun èlò ìtọ́jú kò sì kárí. Kòròfo ń há lójú ogun, èèyàn sì kú. Ní 1967, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin wọn wádìí rẹ̀. Ìbọn táwọn èèyàn gbà pé kò fẹ́ ìtọ́jú ni o.

Mo ní ìwé kékeré kan báyìí tí mo ń kọ iye ọta tí mo bá yìn sí, àti ọjọ́ tí mo pààrọ̀ sípíríǹgì. Lílò ló ń pa sípíríǹgì, ọdún tó lò nínú àpótí kọ́.

* * *

Tèmi ò gùn. Mágásìn, ìyẹn àpótí tó ń gba ọta, márùn-ún ni mo ní, ọta sì máa ń dábùú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi ọ̀dà kọ 1 títí dé 5 sí ìdí wọn. Láàárín ọjọ́ méjì péré mo rí i pé 3 nìkan ló ń ṣe é. Ètè ẹnu rẹ̀ kan, tó ń di ọta mú, ti tẹ̀ síta díẹ̀, bóyá ọjọ́ tó já bọ́ lórí sìmẹ́ńtì. Mo ti yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tó kù.