Fíìmù Kérésì wo lẹ ń fi han àwọn ọmọ Kòríà ní kíláàsì? Ẹ wá sọ tiyín

Tíṣà Daegu:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìdánwò ti parí níléèwé tí mo wà, ọlidé ò sì tíì dé. Ẹ̀yin náà mọ àsìkò yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣíwèé. Olùkọ́ ọmọ Kòríà tá a jọ ń wọ kíláàsì ti ní ká kàn gbé fíìmù Kérésì sí i. Ọmọ pírámárì ni wọ́n, kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, kí lẹ gbé sí i, báwo ló sì ṣe lọ? Ìrírí ni mò ń wá o, ẹ má fi líǹkì ránṣẹ́.

Àkànní Busan:
Kevin. Kò séjì.

Jọkẹ́ Gwangju:
Kevin kẹ̀? Ṣé àwọn ọmọ yẹn ò ti mọ Kevin ju ọmọ ìyá wọn lọ ni? Ọdọọdún ni tẹlifíṣọ̀n wọn ń gbé Home Alone jáde tí Kérésì bá ti dé, fíìmù ọmọ tí wọ́n gbàgbé sílé tó ń dẹ pańpẹ́ fáwọn olè, ti 1990! Àwọn àgbà wọn pàápàá máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé ẹni tí ò bá ní olólùfẹ́, òun àti Kevin ni wọ́n á jọ ṣọdún. Mo gbé e sí i lọ́dún kan, ọmọ tó jókòó síwájú ń sọ ohun tó ń bọ̀ kó tó dé. Olè ò tíì fọwọ́ kan irin gbígbóná, òun ti figbe ta.

Àkànní Busan:
Ìyẹn gan-an ló fi dáa. Tọ́mọ bá ti mọ ìtàn, kò ní máa bá a jà mọ́, etí nìkan ló máa fi ṣiṣẹ́.

Jọkẹ́ Gwangju:
Etí wo? Ariwo ni wọ́n fi ṣe é.

Àdùkẹ́ Suwon:
Ẹ jẹ́ n sọ ti Kevin tèmi. Hagwon ni mo wà nígbà yẹn (ẹ̀yin ará ilé, ilé lésìnnì ni, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wá síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kúrò níléèwé gidi, wọ́n á tún gba ibòmíì lọ kọ́ ìṣirò). Àwọn ọmọ kékeré ni mo ní. A wò ó títí dé ibi táwọn olè méjì yẹn ti ń yọjú sílé kiri tí wọ́n fẹ́ jálẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kan báyìí nawọ́, ó ní, "Teacher, nọ́ńbà ńkọ́?" Mo ní nọ́ńbà kí ni. Ọmọ yìí dìde, ó rìn lọ sídìí ilẹ̀kùn kíláàsì, ó ń fi ìka tẹ ara ògiri: pí, pí, pí, pí. Ó wá fẹnu kọ orin kékeré tí ilẹ̀kùn wọn máa ń kọ tó bá ṣí. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Àpátímẹ́ńtì lọ̀pọ̀ wọn ń gbé, nọ́ńbà ni wọ́n ń tẹ̀ wọlé, ilé tó ń lo kọ́kọ́rọ́ ṣàjèjì sí i.

Bó ṣe di wàhálà nìyẹn. Ọ̀kan ní ta ló ń ṣọ́ géètì ìsàlẹ̀. Ọ̀kan ní ilé àwọn ga débi pé olè á ti rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn. Òmíì fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ní kí Kevin lọ sùn lókè àjà, ṣé yàrá ò tó nínú ilé ńlá bẹ́ẹ̀ ni? Mo pa fíìmù. A ya ilé Kevin sójú bọ́ọ̀dù, a ya àpátímẹ́ńtì tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kálukú ń ṣàlàyé ibi tí òun máa dẹ pańpẹ́ sí. Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn lọ́jọ́ yẹn, ìwé tá à ń kà ò mú un jáde rí.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá kan pe ọ́fíìsì. Ó ní òun ò sanwó kọ́mọ òun wá wo sinimá.

Láńre Peckham:
Pí pí pí pí 😂😂 Mo ti kú!

Ìyá Ìbejì Òṣogbo:
Ìyá yẹn ò jẹ̀bi o. Ẹ̀yin náà, ẹ bi ara yín léèrè. Kí n sanwó lésìnnì tán, kí n bọ́mọ sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́ pé kí lẹ kọ́, kó ní Kevin? Màá fẹsẹ̀ mi débẹ̀ ni.

Àdùkẹ́ Suwon:
Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́, owó lésìnnì níbí sì ń dunni lóòótọ́. Àmọ́ ohun tí ọmọ yẹn sọ nílé ni pé a wo fíìmù. Kò sọ ti ilé tá a yà, kò sọ ti pańpẹ́.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo:
Ọmọ ò ní sọ ọ́. Ọmọ wo ló máa ń ròyìn iṣẹ́?

Bàbá Tíṣà Ìbàdàn:
Ẹ má bínú sí mi o, àgbà ni mí. Olùkọ́ tó bá gbé fíìmù síwájú ọmọ, ó fẹ́ lọ fi fóònù ṣeré ni. Nígbà tiwa, táàmù ò tíì parí, iṣẹ́ ò tíì parí.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Nígbà tiyín tí ìdánwò bá ti parí, ṣebí oko tíṣà la máa ń lọ ro? Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ wo Kevin.

Àkànní Busan:
😂😂😂 Tòun ti ká ru igi lọ fún ìyàwó tíṣà!

Bàbá Tíṣà Ìbàdàn:
Oko iléèwé ni.

Láńre Peckham:
Bàbá, àgbàdo oko iléèwé, ilé ta ló wọ̀?

Jọkẹ́ Gwangju:
Ẹ jẹ́ ká padà sọ́rọ̀ Tíṣà Daegu jàre. Àǹtí, ẹ ṣírò àkókò kẹ́ ẹ tó yan fíìmù. Ìṣẹ́jú 40 ni kíláàsì pírámárì, sẹ́kọ́ńdìrì kékeré 45, àgbà 50. Home Alone ń lọ sí ìṣẹ́jú 103. Ẹ yọ àkókò tẹ́ ẹ máa fi wá wáyà projector, ẹ yọ ti ọmọ tó fẹ́ lọ tọ̀. Àwa tíṣà àjèjì, ọ̀pọ̀ wa ò rí kíláàsì kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀. Èmi gbé Polar Express, fíìmù ọkọ̀ ojúurin, sí i lọ́dún kan. Ọ̀sẹ̀ tó yẹ ká rí ìparí ẹ̀, iléèwé ti lọ ọlidé, ìgbà tí wọ́n sì máa padà bọ̀ sípò, wọ́n ti gòkè sí kíláàsì tuntun lóṣù kẹta. Àwọn ọmọ yẹn ṣì wà nínú ọkọ̀ ojúurin yẹn títí dòní.

Nítorí náà, kúkúrú ni kẹ́ ẹ gbé sí i. A Charlie Brown Christmas ti 1965 àti Grinch ayé àtijọ́, ti 1966, kò sí èyí tó tó ààbọ̀ wákàtí nínú wọn. Àmọ́ èyí tó jẹ́ fún mi jù ni Mr. Bean, ti Kérésì 1992 yẹn.

Dépò Incheon:
Charlie Brown, ẹ ṣọ́ra. Ọmọ kan máa ka Bíbélì lápá ìparí ẹ̀, Lúùkù orí kejì. Iléèwé ìjọba lèmi wà. Olùkọ́ tá a jọ ń ṣiṣẹ́ dá a dúró níbẹ̀, ó ní àwọn òbí kan lè ní à ń wàásù fún ọmọ àwọn.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo:
Kérésì tí ò gbọ́dọ̀ dárúkọ Jésù? Ẹ gbà mí o.

Dépò Incheon:
Ìyá wa, ọjọ́ olólùfẹ́ ni Kérésì níbí. Ìjọba fún wọn ní ọlidé, ṣọ́ọ̀ṣì sì ń kún, àmọ́ ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin ló ni ìgboro lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n á ra kéèkì, wọ́n á fọwọ́ kọ́wọ́. Ti mọ̀lẹ́bí ni Chuseok (ọdún ìkórè wọn) àti Seollal (ọdún tuntun wọn).

Ìyá Ìbejì Òṣogbo:
Ìrẹsì ńkọ́? Adìyẹ ńkọ́?

Dépò Incheon:
Ojoojúmọ́ ni tìrẹsì, mà. Adìyẹ díńdín náà, wọ́n máa ń gbé e wá sílé bá wọn ni.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo:
Ẹ ò lè tàn mí. Ọdún tá ò pa adìyẹ lẹ́yìnkùlé, ọdún kọ́ nìyẹn.

Àkànní Busan:
Ẹ dúró ná. Mr. Bean? Ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì? Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀!

Jọkẹ́ Gwangju:
Ohun tí mo ní lọ́kàn gan-an nìyẹn. Mo gbé e dé ibi tí tòlótòló há sí i lórí, mo dá a dúró, mo pín bébà. Kí ni Bean ń sọ nínú ibẹ̀ yẹn? Ẹ kọ ọ́. Ọmọkùnrin kan wà tí ò la ẹnu rí látìgbà táwọn ọmọ yẹn ti wọlé, ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí, fìlà jákẹ́ẹ̀tì á bò ó lójú. Ó gbé bébà wá bá mi, ó dojú bolẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "I am not hungry now." Mo kà á sókè, kíláàsì dàrú.

Àkànní Busan:
Ó dáa, mo gbà fún ọ. Díẹ̀.

Láńre Peckham:
"I am not hungry now." Ọmọ yẹn á lọ jìnnà o.

Dépò Incheon:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ kékeré, ẹ̀ ń jayé. Kíláàsì tó gbẹ̀yìn pátápátá ní sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ni wọ́n gbé fún mi. Suneung ni wọ́n ń pe ìdánwò àṣewọ yunifásítì wọn, oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣe é. Tí wọ́n bá ti ṣe é tán, wọn ò ní ohun tí wọ́n tún ń wá níléèwé, ṣùgbọ́n dandan ni kí wọ́n máa wá. Lèmi bá gbé fíìmù Elf sí i. Bí mo ṣe paná báyìí, orí bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan yọ ìrọ̀rí nínú báàgì, bùláńkẹ́ẹ̀tì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Fíìmù ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. N ò jí wọn o, mo dín ohùn ẹ̀ kù ni. Àwọn ọmọ tó ń ti lésìnnì bọ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́ láti kékeré, kí ni mo fẹ́ jí wọn sí?

Bàbá Tíṣà Ìbàdàn:
Ìdánwò kan ṣoṣo ló sọ wọ́n dà báyìí?

Dépò Incheon:
Ìdánwò yẹn, bàálù kì í gbéra, kì í sì í balẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe apá Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fetí gbọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má purọ́ mọ́ wa.

Àdùkẹ́ Suwon:
Kì í ṣe irọ́. Ìṣẹ́jú 35 báyìí, lọ́sàn-án, káàkiri Gúúsù Kòríà. Èyí tó bá wà lókè á máa yí po lókè ni. Ọ́fíìsì pàápàá máa ń sún aago ìwọlé síwájú láàárọ̀ kí ọ̀nà lè ṣí fáwọn ọmọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Jẹ́ǹpẹ́tọ̀ aládùúgbò wa ò dákẹ́ fún wa ní WAEC, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bàálù.

Dépò Incheon:
Èyí tó wá yà mí lẹ́nu nìyí. Ọmọ tó gba 90 sókè nínú 100, ìpele kìíní ni wọ́n ń kọ fún un nínú Gẹ̀ẹ́sì. Gbé fíìmù fún ọmọ yẹn láìsí subtitle, á máa wò ọ́ bọ̀ọ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìdánwò rọra ń pè é ketekete. Ẹni inú fíìmù ń jẹun, ó ń sáré, ó ń gbé ìdajì ọ̀rọ̀ mì.

Àkànní Busan:
Ẹ fi subtitle Gẹ̀ẹ́sì sí i nígbà náà. Kò tán?

Àdùkẹ́ Suwon:
Kò tán. Tí Gẹ̀ẹ́sì bá wà nísàlẹ̀, ìwé kíkà ló dà, wọn ò ní gbọ́ nǹkan kan. Tó bá jẹ́ ti Kòríà, Gẹ̀ẹ́sì ti di ariwo ẹ̀yìn. Ti Kòríà ni mo máa ń kọ́kọ́ fi sí i ní ìṣẹ́jú mélòó kan, a ó wá padà wo ibẹ̀ yẹn kan náà láìsí nǹkan kan nísàlẹ̀.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo:
Subtitle ò dí èmi lọ́wọ́ o. Fíìmù Kòríà tí mò ń wò níbí, n ò kì í fo ẹyọ kan. Mo ti ń kí ọkọ mi ní èdè wọn.

Láńre Peckham:
Subtitle tiwọn dáa ni. Ẹ wo ti fíìmù Yorùbá wa, olóògùn á pọfọ̀ títí, gbólóhùn kan ni wọ́n á kọ sísàlẹ̀.

Bàbá Tíṣà Ìbàdàn:
Ọfọ̀ ò ṣeé kọ gbogbo ẹ̀ síta. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe.

Láńre Peckham:
Bàbá, owó iṣẹ́ ló wọ́n fún un, kì í ṣe ọfọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ̀yin ará Kòríà, báwo lèèyàn ṣe ń rí iṣẹ́ yìí? Mo ní NCE, Gẹ̀ẹ́sì ni mo kà.

Jọkẹ́ Gwangju:
Físà E-2, ọmọ orílẹ̀-èdè 7 ni wọ́n ń fún láti wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì: Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Ireland, Ọsirélíà, New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n á tún béèrè dìgírì. Páásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì ló gbé mi wá.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ wò ó! Èmi tí wọ́n nà lẹ́gba pé mo sọ Yorùbá ní kíláàsì. Gẹ̀ẹ́sì wo ló tún kù tí mo máa gbọ́?

Dépò Incheon:
Tìẹ tiẹ̀ yé mi. Èmi tí mo ní páásípọ́ọ̀tù Kánádà, hagwon kan ń bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa lórí fóònù, a ti ń sọ̀rọ̀ owó oṣù. Wọ́n ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́. Gbogbo ẹ̀ sì dákẹ́.

Láńre Peckham:
Ó ga.

Àdùkẹ́ Suwon:
Gbogbo wa la mọ fọ́tò yẹn. Iléèwé tí mo padà lọ, àwọn ọmọ fẹ́ràn mi, irun mi ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lé lórí.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Tí mo bá wá fẹ́ ọmọ Kòríà ńkọ́?

Jọkẹ́ Gwangju:
Físà tìyẹn yàtọ̀, wọ́n á jẹ́ kó o ṣiṣẹ́. Àmọ́ lọ jẹ́ kí ìyá ìyàwó rí ẹ ná.

Tíṣà Daegu:
Ẹ ṣé gan-an o. Mo ti múra Mr. Bean sílẹ̀, mo ti tẹ bébà jáde, tòlótòló wà lórí ẹ̀. Mo dé kíláàsì láàárọ̀ yìí, olùkọ́ yẹn ti tan projector, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Frozen ló gbé sí i, èyí tó ta ju tíkẹ́ẹ̀tì mílíọ̀nù 10 lọ níbí nígbà tó jáde. Ohùn Kòríà ni wọ́n fi bò ó látòkè délẹ̀. Kò sí ẹyọ Gẹ̀ẹ́sì kan nínú ẹ̀.

Àkànní Busan:
😂😂😂😂

Ìyá Ìbejì Òṣogbo:
Ẹ wá ṣe kí ni?

Tíṣà Daegu:
Mo jókòó, mà. Mo gba ọsàn lọ́wọ́ àwọn ọmọ, mo jẹ. Ó dára gan-an.

Dépò Incheon:
Fi bébà tòlótòló yẹn ránṣẹ́ sí mi o, màá lò ó lọ́jọ́rú. Ta ló sì mọ ibi tí mo ti lè rí iṣu kí Kérésì tó dé?

Àdùkẹ́ Suwon:
Òkè Itaewon ní Seoul, níwájú díẹ̀ sí mọ́sálásí ńlá. Tètè lọ, kó o sì mú owó dání.