White Sox 2024 àti Mets 1962: ẹgbẹ́ wo ló burú jù?

Ìbéèrè:
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Chicago ni mo ń gbé, ọmọkùnrin mi ló sì fà mí wọ inú ọ̀rọ̀ baseball. Ní 2024, ìgbà 121 ni White Sox wa pàdánù, 41 péré ni wọ́n borí. Ìgbà kan wà tí wọ́n pàdánù ní ẹ̀ẹ̀mọkànlélógún léraléra! Ṣe ni ọmọ náà ń sunkún sùn. Ṣé kò sí ẹgbẹ́ tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí lóòótọ́?

Èsì kìíní:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Láti 1901, kò sẹ́gbẹ́ tó pàdánù tó wọn. Ṣùgbọ́n Mets, ẹgbẹ́ New York, ti 1962 borí ní ìgbà 40, wọ́n pàdánù ní 120. Tí ẹ bá fi iye ìdíje tí wọ́n ṣe pín iye tí wọ́n borí, .250 ni ti Mets, .253 ni ti White Sox. Mets ló wà nísàlẹ̀. Ti Cleveland Spiders 1899 ló máa ń dùn mí jù: wọ́n borí ní ìgbà 20, wọ́n pàdánù ní 134! Àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà ló ra ti St. Louis mọ́ ọn, wọ́n sì kó àwọn ògbóǹtarìgì bíi Cy Young lọ síbẹ̀. Ìwà ìkà gbáà ni.

Èsì kejì:
Ẹ sọ fún ọmọ yẹn pé nínú ìdíje mẹ́fà tó kẹ́yìn ní 2024, márùn-ún ni White Sox borí.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti sọ fún un pé Mets yẹn náà ló gba World Series, ife-ẹ̀yẹ tó ga jù nínú baseball Amẹ́ríkà, ní 1969. Ó ti ń ka ọdún lórí ìka.