Ewéko òkun nínú ìkọ́kọrẹ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tó wà ní Japan fi ewéko òkun gbígbẹ ránṣẹ́ sí mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, kombu ni wọ́n ń pè é. Ó le bí awọ bàtà, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Mo fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́ dípò magí, torí inú rẹ̀ ni Kikunae Ikeda, onímọ̀ kẹ́míkà ará Japan, ti yọ glutamate tó ń mú ọbẹ̀ dùn jáde ní 1908. (Irú náà ní in, ṣùgbọ́n ọkọ mi ò fẹ́ òórùn irú. Ọmọ Ìjẹ̀bú wo nìyẹn!)

Áyódìn inú rẹ̀ (èròjà tí wọ́n ń fi sínú iyọ̀) ló ń bà mí lẹ́rù. Máíkírógíráàmù 150 ni àgbàlagbà nílò lójúmọ́, èyí tó wà nínú gíráàmù kan kombu sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ìyá ọkọ mi sì ní gẹ̀gẹ̀, áyódìn àpọ̀jù sì lè dá kún un. Ṣé kí n kàn rẹ ẹ́ sómi kí n sì yọ ọ́, àbí kí n se ti màmá lọ́tọ̀?