Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé FPGA ni, àbí ká ṣe ṣíìpù tiwa?

OníKajú: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. À ń ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣa hóró kajú. Kámẹ́rà méjì ń wò ó bó ṣe ń jábọ́, afẹ́fẹ́ á sì fẹ́ èyí tó bàjẹ́ sọnù. Kọ̀ǹpútà tí à ń lò kì í tètè dáhùn, kajú á ti kọjá kó tó pinnu. Ẹnì kan ní ká lọ ṣe ASIC tiwa, ìyẹn ṣíìpù tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ bíi 200 la fẹ́ máa tà lọ́dún. Kí lẹ rí sí i?

Alágbẹ̀dẹ Sílíkọ́nì: 200 kẹ̀? Má dán an wò. Àwọn mask tí wọ́n fi ń ya sákíìtì sára sílíkọ́nì nìkan, tó bá jẹ́ ti ìgbàlódé, mílíọ̀nù dọ́là ni, ṣíìpù kan ò sì tíì jáde. FPGA ni kó o rà. Ṣíìpù tí wọ́n ti ṣe tán ni, àmọ́ ìwọ lo máa pinnu bí inú rẹ̀ ṣe so kọ́ra. Bí àṣìṣe bá yọjú, wàá tún un kọ. Lọ́dún 1994, Pentium, ṣíìpù kọ̀ǹpútà tí Intel ti tà, ń ṣi ìṣirò pípín ṣe. Mílíọ̀nù 475 dọ́là ló bá a lọ. Intel rí owó san, ìwọ ńkọ́?

Ìyá Ṣíìpù: Òótọ́ lẹ sọ, bọ̀dá, ṣùgbọ́n ẹ má bú ASIC jù. Àwọn kan ń fi FPGA wa Bitcoin ní 2011. ASIC dé ní 2013, ló bá gbà á lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni, ìṣirò tí wọ́n ń pè ní SHA-256, kì í yí padà, àwọn tó ń rà á sì pọ̀ bí iyanrìn. ASIC yára, kì í sì í jẹ iná tó FPGA. Àmọ́ ìwọ, lọ́la o lè ní kó máa ṣa ìrẹsì.

TọláVerilog: FPGA tí wàá rà ni ECP5 ti ilé iṣẹ́ Lattice. Mo fẹ́ràn iCE40 tiwọn náà, owó rẹ̀ ò wọ́n, ṣùgbọ́n ó kéré fún kámẹ́rà méjì. Yosys àti nextpnr, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ kóòdù rẹ di ohun tí FPGA lè lò, ń bá méjèèjì ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Fi simulator, ètò tó ń ṣe bíi ṣíìpù lórí kọ̀ǹpútà, dán kóòdù wò kó o tó ra bọ́ọ̀dù.

OníKajú: Ẹ ṣeun gan-an. Bí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́? Ṣé FPGA náà kò ní gbàgbé bí a ṣe so inú rẹ̀?

Alágbẹ̀dẹ Sílíkọ́nì: Yóò gbàgbé, SRAM ló ń lò, ìyẹn mẹ́mọ́rì tó ń pòfo bí iná bá lọ. Fi flash kékeré, mẹ́mọ́rì tí kì í gbàgbé, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí iná bá ti dé, ibẹ̀ ni yóò ti kà á padà kó o tó ṣẹ́jú. Flash yẹn gan-an ni kó o ṣọ́: ẹni tó bá tú ẹ̀rọ rẹ lè da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ. ECP5 lè lo bitstream (fáìlì tó ń sọ bí inú FPGA ṣe so kọ́ra) tí wọ́n fi AES, ọ̀nà ìfi-ọ̀rọ̀-pamọ́, tì pa, wá bí wàá ṣe ṣe é kí ẹ̀rọ tó dọ́jà.